Ta Ló Kú ní Òkukù?

Agolo bísíkíìtì ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìbà. Négétíìfù ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá mi ló fi ìwé ìròyìn wé wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, ó sì fà wọ́n lé mi lọ́wọ́ ní ọdún méjì ṣáájú kó tó papòdà. Bí òjò bá ti dé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣí agolo náà kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn, torí ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí fíìmù pẹ́ nílẹ̀ wa. Èyí tó bá ti hu, màá fi òwú nù ún jẹ́jẹ́. Àwọn mìíràn ti kọjá nínù. Aṣọ ẹni tó wà níbẹ̀ ṣì hàn, bàtà rẹ̀ hàn, ojú rẹ̀ ti lọ.

Ọdún 1974 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní Ìkìrun. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ kí wọ́n tó ṣe fírídọ̀mù fún mi. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo ti ń tẹ̀ lé ojú irin láti Òṣogbo títí dé Ọ̀fà, mò ń ya àwọn ìlú tí rélùwéè jí, tó tún wá kọjá lára wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ìyá kan ní Òkukù ti bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ṣì ń gbé kiri. Kí n tó dé orí ìyá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dé lákòókò.

Ilé fọ́tò ọ̀gá mi kò jìnnà sí ìdíkọ̀ rélùwéè Ìkìrun. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gbà á síbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Jọ́ọ̀sì, sí Kàdúná, sí Kánò, yóò kọ́kọ́ ya fọ́tò kó tó lọ wọ ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sanwó rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé ìyá ló máa kù nílé tí yóò máa wo bébà. Ẹ̀dà kan á dúró ti ìyá, ẹ̀dà kan á bá ọmọ lọ. Nígbà Iléyá àti Kérésìmesì, àwọn tó ti lọ á tún wọlé wá pẹ̀lú aṣọ tuntun àti bàtà tó ń ké, wọ́n á ní ká ya àwọn kí ará ilé lè mọ̀ pé ibi tí àwọn lọ gbe àwọn. A mọ àkókò ọkọ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, a máa ń rí oníbàárà sí i. Bí kò bá wá rárá, a ò ní jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kámẹ́rà Yashica ẹlẹ́yinjú méjì la ń lò, pẹ̀lú fíìmù tó ń gba fọ́tò méjìlá. Ẹni tí méjìlá péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kánjú. Inú yàrá náà ní àga kan, tábìlì kékeré tí òdòdó oníké wà lórí rẹ̀, rédíò kan tí kì í sọ̀rọ̀, àti aago ọwọ́ tí ọ̀gá mi ń yá ẹni tí kò bá ní. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni aṣọ ìkélé tí wọ́n kun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí. Àgbẹ̀ tó ti oko dé láàárọ̀ yóò jókòó síwájú àtẹ̀gùn yẹn lọ́sàn-án, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, á tẹjú mọ́ wa bí ẹni tó ń gba àlejò lágbàlá ara rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ pé ẹ̀rín ń gbó nínú fọ́tò, pé ìjókòó kì í gbó.

Èmi ni mò ń fọ fíìmù lóru. Inú òkùnkùn biribiri la ti ń fọ fíìmù. Tó bá di ti bébà, a lè tan gílóòbù pupa. Bí ojú èèyàn ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi dẹfẹ́lọ́pà, títí di òní, mi ò tíì rí ohun tó jọ ọ́. Irun á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ọwọ́ lórí itan. Láàárọ̀ a óò sá wọn sórí okùn. Àwọn tó ti lọ pẹ̀lú ọkọ̀ òru kò sí níbẹ̀ mọ́, àmọ́ gbogbo wọn ń wò wá láti orí okùn.

Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn rélùwéè lónìí máa ń rò pé ohun àtayébáyé ni. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Irin náà dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tó di 1912, èèyàn lè wọ ọkọ̀ lÉkòó kó sọ̀ ní Kánò. Ẹ fi wé ti ogun Jálumi: ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lé àwọn ọ̀tá wọn kúrò ní Ìkìrun, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá kó sínú odò Ọ̀tìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ogun yẹn kò ju bí ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ìgbésí ayé èèyàn kan ṣoṣo gba ogun ẹlẹ́ṣin àti rélùwéè papọ̀.

Èkùrọ́, epo pupa àti kòkó ni òyìnbó torí rẹ̀ tẹ́ irin, wọn ò torí wa tẹ́ ẹ. Síbẹ̀ àwọn bàbá wa gùn ún lọ síbi tó wù wọ́n. Àwọn ará Ìbà á rìn wá sí Ìkìrun tàbí Òkukù láti wọ̀ ọ́, ẹrù iṣu lórí, ọmọ lẹ́yìn. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà ibòmíràn lọ sí Gáánà, wọ́n ṣòwò níbẹ̀ títí tí ìjọba Busia fi lé àlejò jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ilé iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC àti John Holt ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Òṣogbo. Ní 1933 wọ́n dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì tó ọdún márùn-ún tí wọ́n fi kó o lọ sí Ìbàdàn. Mo máa ń rántí sìgá yẹn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìjàǹbá àná ni bí rélùwéè ṣe kọ̀ wá sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tó bá irin dé ti ń bá irin lọ.

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yìí ni ọkọ̀ kò wá mọ́. Ó kọ́kọ́ ń pẹ́ ní wákàtí, ó wá ń pẹ́ ní ọjọ́. Títì ọlọ́dà gba èrò, tírélà gba ẹrù. Àwọn oníṣẹ́ rélùwéè tó ń gbé nínú kọ́tà, tí a máa ń fi aṣọ wọn tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ àti bọ́tìnnì idẹ wọn mọ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dáko sẹ́yìn ilé. Nígbà tó yá, koríko bo irin. Ọ̀gá mi ta àga rẹ̀.

Láàárín kan, a rò pé nǹkan mìíràn ti dé rọ́pò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí yóò máa fa irin di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ọ̀kan wà ní Òṣogbo, ọ̀kan ní Jọ́ọ̀sì, ọ̀kan ní Katsina. Irin tí wọ́n bá yọ́ ní Aládjà àti Ajàókúta ni wọ́n ní kí wọ́n máa lò. Iná ìléru ńlá Ajàókúta kò tíì yọ́ irin kankan títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ti Aládjà kò sì tó. Ṣùgbọ́n lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ọmọkùnrin wa gba iṣẹ́ ní Òṣogbo, wọ́n sì wá ya fọ́tò pẹ̀lú akoto aláwọ̀ ìyeyè lórí wọn. Èmi ni mo yà wọ́n, torí mo ti dá dúró lọ́wọ́ ara mi nígbà náà. Akoto lórí, àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn, ọwọ́ lórí itan. Mo ní mọ́kànlá irú rẹ̀.

Ní 1996, ìwé ìròyìn kan ní òkè òkun kọ̀wé sí mi. Wọ́n ti rí iṣẹ́ mi ní àfihàn kan lÉkòó, wọ́n ní kí n ya àwọn ìlú tí rélùwéè kọ̀ sílẹ̀. Owó tí wọ́n dárúkọ ju ohun tí mo ń pa lọ́dún kan lọ. Mo lọ sí Òkukù ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, nígbà tí eruku ń jẹ́ kí oòrùn rí bí ẹyin adìyẹ.

Ìyá kan jókòó ní ìdíkọ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló ń tà, ibẹ̀ sì ni ìyá tó bí i ti tà á kó tó fi í sílẹ̀ fún un. Èrò ọkọ̀ kò sí mọ́, àmọ́ àwọn oníbàárà ti mọ ibẹ̀ sí ibi tirẹ̀: àwọn tó ń lọ sóko, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn tó ń gba ojú irin kọjá bí ẹni ń gba títì. Mo kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n dúró, òun fẹ́ sáré dé ilé lọ pààrọ̀ aṣọ.

Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ aṣọ, Ìyá. Bí ẹ ṣe wà yẹn gan-an ló dáa."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún jókòó. Àlejò ni mo jẹ́, ó bọ̀wọ̀ fún mi.

Mo rọra gbé kámẹ́rà kalẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ọyẹ́ ti là wà níwájú, àdìrẹ rẹ̀ tó ti ṣá wà láàárín, irin méjèèjì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ nínú koríko gbígbẹ títí wọ́n fi wọnú eruku. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ni mo ti mọ̀ pé mo ti rí i. Ojú ewé méjì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé ìròyìn náà.

Mo gbé ìwé náà lọ fún un. Mo ń yangàn, mi ò ní parọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní iléèwé gíga ló gbà á lọ́wọ́ mi tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà: obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ nínú ìlú kan tó ti kú.

Ìyá náà ní, "Ta ló kú?"

Mo ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ nìyẹn, pé rélùwéè ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ó ní, "Èmi ni mo jókòó yìí. Àwọn tó ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi láàárọ̀, ṣé òkú ni wọ́n ni? Ìwọ tí o wá kí mi, ọ̀dọ̀ òkú lo wá?" Ó tún wo àwòrán náà, ó fi ìka kan aṣọ tó wà nínú rẹ̀. "Ìwọ lo ní n má pààrọ̀ aṣọ."

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó bu ẹ̀kọ fún mi, mo jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo padà lọ. Ó ti múra sílẹ̀ láti òru. Sányán ló wọ̀, gèlè rẹ̀ ga, iyùn wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ gbé àga láti pálọ̀ wá sí ìdíkọ̀, síbi tó máa ń jókòó sí gan-an. Mo bi í pé ibo ni igbá ẹ̀kọ wà. Ó ní òun kò wá ya iṣẹ́ òun, ara òun ni òun wá yà. Ó gbé ọwọ́ lé itan. Ó tẹjú mọ́ mi. Mo yà á bí ọ̀gá mi ìbá ṣe yà á, láti ìdúró ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Irin kan náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò yẹn ló gbé kọ́ pálọ̀, òun náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ lò nígbà ìsìnkú rẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí, mo sì ti ń bá a jà láti ọjọ́ náà. Lójú ẹni tó mọ iṣẹ́, fọ́tò àkọ́kọ́ ló dára jù. Kì í ṣe irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ là lóòótọ́. Aṣọ rẹ̀ ṣá. Ìjọba kò ràn án lọ́wọ́, ọkọ̀ kò wá, ó sì yẹ kí ayé rí i. Ẹni tó bá ní ká máa ya kìkì sányán àti iyùn, ẹni náà ń bá àwọn tó fi wá sílẹ̀ bo àṣírí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Mo sì ti ń wá a ní ibi tí kò sí, nínú aṣọ.

Mo ti wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é. Ní Minamata, ní orílẹ̀-èdè Japan, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Chisso da omi tó ní mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń rọ, wọ́n ń kú. 1956 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ kéde àìsàn náà. W. Eugene Smith láti Amẹ́ríkà àti ìyàwó rẹ̀ Aileen lọ gbé láàárín wọn láti 1971, wọ́n sì mú ìwé jáde ní 1975. Fọ́tò kan nínú iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ayé mọ̀: ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tí májèlé náà ti bà jẹ́ láti inú oyún, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń wo ojú rẹ̀. Fọ́tò yẹn ṣe iṣẹ́ rere. Ó fi ojú ayé mọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kú ní 1977, fọ́tò rẹ̀ kò sinmi. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri, àwọn òbí rẹ̀ ń rí i níbi gbogbo. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ àwọn sinmi. Ní 1998, Aileen Smith, tí àṣẹ fọ́tò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, dá àṣẹ náà padà fún àwọn òbí. Mo mọ iye tó ná ayàwòrán láti ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tó lókìkí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn ni.

Nílé wa níbí, George Osodi ya Niger Delta láti 2003 sí 2007, ó ya iná gáàsì tó ń jó lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn, nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní 1956 tí Oloibiri fúnra rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan mú dání. Ní Braddock, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tí Andrew Carnegie ti ṣí ilé iṣẹ́ irin ní 1875, LaToya Ruby Frazier ya ìyá ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2014. Nígbà tí mo wo ìwé yẹn, mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ní Braddock kò lè bi í pé ta ló kú. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn.

Orúkọ ni. Ní 1996, mi ò mọ orúkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Mi ò bi í. Ìwé ìròyìn náà kọ "obìnrin kan" torí pé "obìnrin kan" ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ó yẹ kó tètè yé mi, torí ilẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ilẹ̀ oríkì ni. Ní àwọn ọdún 1970, Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ní Òkukù, ó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1991. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀pọ́n lásán ni oríkì kò tíì fetí sílẹ̀ dáadáa. Oríkì máa ń dárúkọ gbèsè èèyàn. Ó máa ń sọ pé ojú rẹ̀ kan fọ́, pé ogun kó o, pé ó jà níbi tí kò yẹ, pé òtòṣì ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ pè é ní orúkọ, ó ti sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, kó tó fi ọwọ́ kan egbò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí ẹni tí wọ́n ń kì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbèsè rẹ̀, fi ń wú. Bí wọ́n bá sọ gbèsè kan náà láìdárúkọ rẹ̀, èébú ni.

Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí wa, láti wo bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò ara wọn. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí ìjókòó náà: ojú síwájú, ara ní títọ́, ọwọ́ lórí itan, aṣọ tó dára jù. Ó rí bí a ṣe ń ya ìbejì tí ọ̀kan ti kú, tí a óò tẹ fọ́tò èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Mo ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ìyá. Ẹni tó ti ṣe é kò tún ní nílò kí ẹnikẹ́ni wá ṣàlàyé fún un pé fọ́tò lè pe ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ padà sínú ilé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ní kámẹ́rà ti ń wá sí ìdíkọ̀ wa báyìí, àwọn mìíràn pẹ̀lú èyí tó ń fò lókè. Ìpẹtà ni wọ́n ń yà. Mi ò bá wọn jà, torí ìpẹtà rọrùn láti yà, ó ní àwọ̀, kì í sì í bini ní ìbéèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 tí ọ̀kan nínú àwọn ọgbà rẹ̀ wà ní Òkukù, ń kọjá lẹ́yìn wọn lọ sí kíláàsì, àwọn ayàwòrán náà sì ń dúró kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá tán kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ìlú lè dà bí ahoro. Èyí ni mi ò fara mọ́. Rélùwéè pàápàá kò kú tán. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Irin tuntun náà fẹ̀ ju tiwa lọ: 1,435 mílímítà sí 1,067. Ìbàdàn ló dúró sí. Síbẹ̀, láyé Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó bá di ọdún, ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gba ọkọ̀ orí irin àtijọ́ láti kó àwọn ọmọ Ọ̀ṣun wálé láti Èkó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti ya ojú àwọn tó yọrí lójú fèrèsé rẹ̀. Wọ́n ń ju ọwọ́ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró rárá.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo máa ń ya méjì. Ọ̀kan bí mo ṣe fẹ́, ọ̀kan bí ẹni náà ṣe fẹ́, tirẹ̀ ló sì ń ṣáájú. Mi ò ní fi èyíkéyìí ránṣẹ́ síbì kankan kí ẹ̀dà rẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo bá kọ sábẹ́ rẹ̀, màá kà á sí i létí ní Yorùbá. Àwọn kan ti ní kí n pa á rẹ́, mo sì pa á rẹ́, ó dùn mí. Orúkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ wà lẹ́yìn fọ́tò méjèèjì tó wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ilé tí wọ́n bí i sí. Mi ò kọ ọ́ síbí torí mi ò tíì lọ bi àwọn ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù ni agolo tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá mi kì í kọ orúkọ. Nọ́ńbà rìsíìtì ló ń kọ sí etí négétíìfù, ìwé rìsíìtì náà sì ti jóná. Mo ń gbé wọn lé orí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, mo ń fi fóònù yà wọ́n, ọmọ mi ń yí wọn padà lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá pé ogójì, a máa ń ta aṣọ funfun sí ara ògiri lálẹ́ níwájú ilé wa ní Ìbà, a óò fi pírójẹ́ktọ̀ tí a háyà hàn wọ́n, àwọn àgbà á sì máa pe orúkọ.

Ìgbà tó kọjá, èrò kún dé ojú títì. Bí ojú kan bá yọ lórí aṣọ, ẹnìkan á ké. Wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á pe oríkì ìdílé, wọ́n á ní Jọ́ọ̀sì ló lọ, Kàdúná ló kú sí, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Ìkìrun. Ọmọ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn alákoto ìyeyè tèmi, tí mo fi kún ti ọ̀gá mi, yọ, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun dìde láàárín èrò, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dúró. Gbogbo wa yíjú sí i. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ kí a lè rí ojú rẹ̀ dáadáa, ká fi wé èyí tó wà lára ògiri. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi yí i sí òmíràn.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni ọmọbìnrin kan tí kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, pẹ̀lú àpótí ìrìn-àjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti aago ọwọ́ ọ̀gá mi lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n gbé àga òun sún mọ́ ògiri. Ó wò ó, ó wò ó. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, pé kì í ṣe ará Ìbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dirun rẹ̀ yẹn, Ìníṣà ni wọ́n ti ń dì í bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Mo ti tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà. Ó wà nínú báàgì mi. Ọjọ́ ọjà Ìníṣà tó ń bọ̀, màá gbé e lọ.